Bààsì Nínú Eyín Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà

Sípíkà náà ti dé. Orí ọmọlanke ni wọ́n fi gbé e wá, ọkùnrin mẹ́ta ń tì í, ẹ̀kẹrin ń bẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì rí pósí tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúdú, ó ga dé àyà mi, ihò ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀ bí ẹnu ẹni tó sùn tó ń hanrun. Bàbá Sípíkà ló ni ín. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún o, àmọ́ ẹni tó bá ní irú nǹkan báyìí nílé, àdúgbò á sọ ọ́ di bàbá tipátipá.

"Ibo la máa gbé e sí?"

"Yàrá ìlọṣọ," ni Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, dáhùn.

Ògiri tó wà láàárín yàrá ìlọṣọ àti ibùsùn mi kò nípọn ju bisikíìtì lọ.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdíje ráàpù ní gbọ̀ngàn ìlú. Àǹtí mi ti fi orúkọ wa sílẹ̀, tòun tèmi. Òun ni yóò máa sọ ọ́, èmi ni n óò máa gba ìparí rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí báàfù ìfọṣọ la ti bẹ̀rẹ̀ eléyìí, láti ìgbà tí mi ò tíì lè fún áńkáṣíìfù gbẹ. Ó ń fọ̀, mo ń ṣàn; ó ń sọ, mo ń gbà. Kò sẹ́lòmíràn láyé yìí tó mọ ibi tí yóò ti mí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn mọ́ mi ju ẹran lọ. Ìlù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ni mi ò lè fara dà. Bàbá Sípíkà ní òun kàn fẹ́ dán an wò, ó tẹ nǹkan kan. Bààsì ọ̀hún kò gba etí mi wọlé bí ọmọlúàbí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló gbà, ó gun orúnkún, ó lọ jókòó sínú eyín mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó sì ń mì ín bí ẹni fẹ́ fà á yọ. Èyí tó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ lókè ńkọ́? Bí ẹni fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, tó wá jẹ́ pé agbárí mi ni ìkòkò náà. Èyí tó dà bí àtẹ́wọ́ sì ń gbá mi létí, pàá, pàá, láìṣẹ̀ láìrò.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dáa gan-an ni o." Mo wá lọ sẹ́yìn ilé lọ di ògiri mú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìdánrawò àkọ́kọ́. Mo bì.

Ẹsẹ̀ orin àkọ́kọ́ kò burú, torí mo di ẹnu pa bí ẹni tó gbé omi gbígbóná sẹ́nu, àfi ìgbà tó bá kàn mí ni mò ń là á. Nígbà tó di ẹsẹ̀ kejì, Bàbá Sípíkà yí nǹkan kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wọ egungun." Ó wọ egungun lóòótọ́. Ó gba ibẹ̀ bọ́ sínú ikùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó oúnjẹ àárọ̀ mi, ó sì dà á sórí bàtà mi. Bàtà tèmi o, kì í ṣe tirẹ̀. Ìwà ọ̀dájú.

"Kí lo jẹ?" Àǹtí mi bi mí.

"Búrẹ́dì."

"Ṣé búrẹ́dì tí gbogbo wa jẹ náà?"

Bàbá Sípíkà fa sìgá, ó mi orí bíi dókítà. "Orin tí kò bá mi èèyàn, ìyẹn kì í ṣe orin. Ara rẹ̀ máa mọ́ ọn. Ọ̀lẹ ló ń ṣe é."

Mo wo ẹnu tó fi sọ ọ́. Èéfín ń gba imú rẹ̀ jáde bíi pé ilé ń jó nínú orí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì lọ pa á.

Màámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí, wọ́n ní kò gbóná. Wọ́n ní kí n lọ ká aṣọ lórí okùn, òjò ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹnìkan ló purọ́ fún Bàbá Sípíkà pé páálí ẹyin máa ń gbé ohùn mì. Gbogbo àdúgbò ló ti ń ráhùn. Mo rò pé ó máa gba èmi náà là, ni mo bá yára gbà fún wọn nígbà tí wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́yin. Ìyá ẹlẹ́yin kó páálí tí kò fẹ́ mọ́ fún mi. Ìgbẹ́ adìẹ gbẹ mọ́ ọn, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ìgbẹ́, ẹyin fífọ́ kan tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Mo gbé e sórí gba ìgboro kọjá. Àwọn eṣinṣin tó sin mi délé pọ̀ ju èrò tó sin ọba lọ.

Gọ́ọ̀mù ti gbówó lórí. Àǹtí mi ní ká fi ohun tó wà nílé lẹ̀ ẹ́, ìyẹn sítáàṣì. Alágbàfọ̀ ni wá. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ kó le, sítáàṣì la máa ń fún un. A ro ìkòkò ńlá kan, a fi kun ògiri yàrá ìlọṣọ látòkè délẹ̀, a to páálí mọ́ ọn. Ó lẹ̀ o! Ó le gbagidi. Àwa méjèèjì yan káàkiri bíi ẹnjiníà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ohùn yẹn kò dínkù tó èékánná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò rọ̀ láti àná. Ògiri làágùn, sítáàṣì rọ̀, páálí bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dé Bàbá Sípíkà lórí bíi fìlà. Ìyẹn nìkan ló dáa.

Àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn páálí! Aáyán! Gbogbo aáyán ayé ti gbọ́ pé a se oúnjẹ sára ògiri, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ yó. Wọ́n sanra, wọ́n ń dán, wọ́n ń rìn gbagigbagi bí ẹni tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Bààsì dún, gbogbo wọn sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan gba inú ṣòkòtò mi kọjá. Mi ò fẹ́ sọ ibi tó dé.

Màámi fi ìgbálẹ̀ gbá wọn lọ. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí àwọn alágbàfọ̀ tó ń fi sítáàṣì ṣe sàráà fún aáyán rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ki òwú bọ etí. Ayé rọ̀ mí lọ́rùn bí ẹni bọ́ bàtà tó fún. Àmọ́ etí tí kò gbọ́ ìlù, kò gbọ́ Àǹtí mi náà. Àárín ibi tó ti ń ṣàlàyé pé ebi pa òun sùn ni mo ti ké "Ẹ jẹ́ ká yọ̀!"

Ó dá ìlù dúró. "Kí ló wà létí rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó fi ìka méjì fà á jáde lójú gbogbo èèyàn. Òwú náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àjákù ọṣẹ. Ìríra mú èmi gan-an tí mo ni etí.

Eyín Wúrà wà níbẹ̀. Ó ti ń wá wò wá láti ọjọ́ mélòó kan, òun náà ń wá ẹni tí yóò gbè lẹ́yìn. Eyín kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ló jẹ́ wúrà, ìyókù dà bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Tó bá pariwo, ẹni tó dojú kọ ọ́ ti wẹ̀ fún ọjọ́ náà nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí ọmọ yìí ò bá lè ṣe é, èmi wà ńlẹ̀ o."

"Àbúrò mi ló máa ṣe é."

Ó dáhùn kíákíá. Àmọ́ ó wò mí pẹ́ lẹ́yìn tó dáhùn tán.

Owó ọṣẹ tún ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Màámi ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń pín ogún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òjò. Òjò. Ta ló ṣẹ òjò?

Kúbùsù òtẹ́ẹ̀lì dé, wọ́n wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí kò sí oòrùn, abẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé la sá wọn sí, okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Pégì kan já bọ́, mo wọ àárín wọn láti wá a. Lójijì, ayé dákẹ́.

Mo rò pé mo ti kú. Mo jáde: dùm-dùm, Bàbá Sípíkà ń lu yàrá ìlọṣọ pa. Mo wọlé padà: kẹ́ẹ́. Mo jáde. Mo wọlé. Bí ewúrẹ́ tó ń wá ẹnu ọ̀nà ni mo ṣe ń ṣe. Níkẹyìn mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, omi ń kán sí mi lọ́rùn, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo pe Àǹtí mi. Mo ní páálí ẹyin ò mọ iṣẹ́, kúbùsù ló mọ̀ ọ́n. Kì í wá ṣe ara ògiri la máa gbé e kọ́ o, àyíká tèmi ni, kí n dúró sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú máíkì, kí n fi ihò kékeré kan sílẹ̀ láti máa wo ẹnu rẹ̀.

"Kúbùsù oníbàárà?"

"Wọ́n á ti gbẹ kó tó di Sátidé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn. Màámi sì ń lọ kí àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́jọ́ náà."

Ó rò ó díẹ̀. Mo ti mọ̀ pé yóò gbà. Àwa méjèèjì, ìyá kan náà ló bí wa, àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀ la jogún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A ṣe é! Àtìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò bì, mi ò dijú, mi ò gba ìparí kankan pẹ́. Àǹtí mi ń sọ, mo ń gbà, ó ń sọ, mo ń gbà, bí ìgbà tí a wà nídìí báàfù. Nígbà tó parí ó yọjú sínú àgọ́ mi, òógùn bò ó, ó ní, "Etí Àdán, ìwọ ni!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí ládùúgbò nìyẹn, inú sì máa ń bí mi. Lónìí kò bí mi.

Bàbá Sípíkà mu sìgá bíi pé wọ́n máa fòfin dè é lọ́la. Mo sì fi ojú mi méjèèjì rí Eyín Wúrà tó fi etí kúbùsù nu ẹnu. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Inú mi dùn jù láti jà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Obìnrin òtẹ́ẹ̀lì tú kúbùsù àkọ́kọ́ wò. Ó gbé e sún mọ́ imú. Ó tún gbé e jìnnà.

"Ìyá alágbàfọ̀, ta ló kú sínú eléyìí?"

Màámi gbóòórùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mu sìgá nílé wa. Wọ́n tú èkejì, wọ́n rí ibi tí ẹnu kan ti fi epo ya àwòrán sí. Wọn ò wò wá. Wọ́n bẹ obìnrin náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jalè, obìnrin náà sì ń wo ilé wa láti òkè délẹ̀ bíi pé àwa la jẹ́ òórùn náà. Ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyí. Ó ní ọ̀la lòun fẹ́ gbà á.

Nígbà tó lọ, Màámi bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, wọ́n ki ọwọ́ bọ omi tútù.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká..."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n fọ ọ̀kan tán kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀.

"Aṣọ oníbàárà kì í ṣe aṣọ. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi lẹ gbé kọ́ sára okùn, tí ẹ ní kí wọ́n wá fi sìgá pa á lára." Wọ́n fún un, omi dúdú ń ṣàn. "Ẹ gbé pósí yín jáde nílé mi."

Mo lọ dúró sínú òjò fúnra mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ìdánrawò ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá Eyín Wúrà. Òrùlé páànù, ògiri páànù, ilẹ̀kùn páànù. Bí o bá sín níbẹ̀, ilé náà á sín padà fún ọ. Ọ́ìlì tó ti di dúdú wà nílẹ̀ níbi gbogbo, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹja tó ń wa ọkọ̀.

Bàbá Sípíkà tẹ ìlù. Sípánà ń jó lórí tábìlì. Gbogbo páànù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ráráráráràrà, mo sì ní ìmọ̀lára pé ẹnìkan ń rẹ́ mi sí méjì láti àárín orí. Mi ò dé ìparí ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní. Mo sáré jáde, mo ki orí bọ dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n fi ń fọ irin, mo sì dúró síbẹ̀ títí èémí fi fẹ́ tán.

Nígbà tí mo yọrí, Àǹtí mi dúró tì mí.

"Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé orin mi ló ń rí ọ lára?"

"Rárá o!"

"Ojú tí o máa ń ṣe tí mo bá ń kọrin, ojú ẹni tó tẹ ìgbẹ́ ni."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Ìlù yẹn ni."

"Ta ló yan ìlù yẹn? Èmi ni mo yàn án. Mo jókòó ti Bàbá Sípíkà fún odindi oṣù kan ká tó rí i. Bí ìlù yẹn bá ń kó ọ nírìíra, èmi náà nìyẹn."

Mo la ẹnu, omi dúdú ló jáde. Mo tutọ́. Bóyá ó rò pé ìdáhùn nìyẹn.

"Ó ti sú mi," ó ní. "Eyín Wúrà á ṣe é. Máa lọ sílé lọ ran Màámi lọ́wọ́."

Kò pariwo. Ì bá pariwo ni, mi ò bá mọ ohun tí n óò ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo kórìíra gbogbo èèyàn. Oòrùn yọ díẹ̀. Aṣọ gbẹ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Màámi fi èmi àti Àǹtí mi sídìí báàfù kan náà. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. A ò bára wa sọ̀rọ̀. Ó ń fọ̀, mo ń ṣàn, bíi àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjì.

Ó wá ń kùn orin rẹ̀ lábẹ́ ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dé ibi ìparí, ó mí. Ẹnu mi gbà á kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Kò wò mí. Ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo tún gbà á. A ṣe ẹsẹ̀ orin odindi bẹ́ẹ̀, láìsí ìlù, àfi aṣọ tó ń dún lọ́wọ́ wa.

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ ọ́n níbí," ó ní, "tó o wá ń kú síbẹ̀?"

Mo wo gọ́tà tí omi ìfọṣọ wa ń gbà lọ. Ohun kan ló wà láyé tí Àǹtí mi kò lè fọwọ́ kàn: yẹ̀tẹ̀yẹ̀tẹ̀ inú gọ́tà yẹn. Ó lè fọ aṣọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tán lọ́jọ́ kan, àmọ́ bí gọ́tà bá dí, èmi ló máa ń pè. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Mo fa nǹkan kan jáde: irun, ọṣẹ jíjẹrà, bọ́tìnì ẹnìkan, gbogbo rẹ̀ so pọ̀, ó ń fà bí itọ́.

"Gbé e kúrò níwájú mi! Ọmọ yìí, mo máa lù ọ́ o!"

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ rò ó pé wọ́n ń rọ èyí sí yín létí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o. Gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún. Wọ́n ń rọ ọ́, wọ́n sì ní kí ẹ máa jó, kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì rántí ọ̀rọ̀."

Ó wò ó. Nǹkan náà kán tó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bì. Lóòótọ́ ni mo wí, ó bì! Mi ò tíì gbọ́ ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó nu ẹnu. "Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà. Agogo iléèwé náà. Ẹ̀rọ ìlọta náà. Àmọ́ ti sípíkà yẹn, bàbá gbogbo wọn ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bá ti mú Eyín Wúrà."

Ó lọ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ tí kò fi kan nǹkan kan. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ó tutọ́ sí mi lójú lánàá. Ó ń ké, ó sì wọ ẹnu mi."

"Ẹnu yín?"

"Mo gbé e mì kí n tó mọ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, a ń gbọn ara, a ń tutọ́, títí Màámi fi yọjú láti bèèrè bóyá ọṣẹ tuntun yìí ti ń gba orí wa ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

A lọ wo gbọ̀ngàn. Sípíkà ibẹ̀ ga ju ilé wa lọ. Pósí Bàbá Sípíkà dà bí ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àǹtí mi ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó wò mí, ó pa sìgá rẹ̀, ó ní, "Mo pè ọ́ lọ́lẹ. Má bínú." Mo kàn họ orí.

Ó tẹ ìlù, mo wá ń wá ibi tí kò ti ní tẹ̀ lé mi. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì: ó dé ibẹ̀. Yàrá ìkẹ́rùsí: ó dé ibẹ̀, ó tún bá àwọn àga jà. Abẹ́ àtẹ̀gùn: ibẹ̀ gan-an ló ń gbé.

Ibì kan ṣoṣo ni kò dé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pèpéle. Ògiri ayé àtijọ́ ló yí i ká, ó nípọn ju apá mi lọ. Gíláàsì kékeré kan wà lókè tí kì í ṣí, ẹni tó bá gun orí báàkẹ́tì lè gba ibẹ̀ rí pèpéle. Bààsì rọra ń dún lẹ́yìn ògiri bí ẹni tó ń lu ìrọ̀rí nílé kejì. Eyín mi dákẹ́.

Òórùn rẹ̀ ni kò dákẹ́. Kò kàn wọ imú mi ni, ó dì mí lọ́rùn mú. Ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Nǹkan kan wà lára ògiri tí mo gbàdúrà pé kó jẹ́ ẹrẹ̀.

Àǹtí mi dúró lókèèrè, ó fi aṣọ bo imú. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àbí Eyín Wúrà?"

"Òórùn méjì nìyẹn."

"Yan ọ̀kan."

Bàbá Sípíkà ti ń tú wáyà máíkì sílẹ̀. Ó fà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó ní, "Ó dé ibẹ̀ o!"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò lè kọ nǹkan kan lánàá. Mo wẹ̀ títí Màámi fi ní kí n fi ọṣẹ àwọn oníbàárà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe Àǹtí mi, mo ti wà lórí báàkẹ́tì, máíkì lọ́wọ́, imú nínú kọ́là ẹ̀wù. Mo ti fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì náà. Ohun tó kúrò lára rẹ̀ ti tó gbin ẹ̀fọ́. Ẹ̀yìn Àǹtí mi ni mò ń rí, pẹ̀lú èjìká ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò kàn mí. Tó bá fẹ́ mí èémí, èjìká yẹn máa ń gòkè díẹ̀.

Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, báàkẹ́tì gbọ̀n díẹ̀, èmi ò gbọ̀n. Èjìká gòkè. Mo gbà á! Lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ tí èrò hó fàà. Ó tún gòkè, mo tún gbà á. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní lọ bí omi.

Nígbà tó di àárín ẹsẹ̀ kejì, ẹnìkan lu ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ṣílẹ̀kùn!"

Bàbá tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ni. Mo gbàgbé pé máíkì wà lẹ́nu mi. Mo ké, "Bàbá, ẹ ní sùúrù!"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Orí ìlù gan-an ló bọ́ sí. Àwọn èèyàn sì gbè é padà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn: "Bàbá, ẹ ní sùúrù!"

"Inú ń run mí, ọmọ burúkú!"

Ìyẹn náà jáde.

Mo rí èjìká Àǹtí mi tó ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó ju ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ nù, ó pa tuntun kan lójú ẹsẹ̀, nípa àwọn tó ní ká ní sùúrù nígbà tí inú ń run wá, ó sì fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Àwọn èèyàn fẹ́ wó ilé.

Bàbá náà fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé. Kò wò mí, kò kí mi, ó jókòó. Mo kọjú sí gíláàsì. Mo ki máíkì bọ abẹ́ apá mi, mo ń yọ ọ́ jáde kìkì nígbà tó bá kàn mí. Ohun tí etí mi gbọ́ níbẹ̀, ohun tí imú mi rí, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé yìí, ìwé ọ̀hún kò ṣẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá lè bì kó sì tún pariwo lórí ìlù lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni mo ṣe é tán.

Ìlà tó kẹ́yìn. Èjìká gòkè. Mo yọ máíkì, mo gbà á. Ìlù gé. Gbogbo ibi dákẹ́ rọ́rọ́.

Bàbá fa omi. Gbuuuuurrrrr! Gbogbo sípíkà gbọ̀ngàn ló gbé e.

Mi ò gbọ́ irú ariwo èrò bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Sípíkà ti ń sọ fún àwọn èèyàn níwájú pé iṣẹ́ òun ni.

Àwọn adájọ́ bi Àǹtí mi pé, "Níbo ni ẹnì kejì rẹ wà?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, sà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́, sà."

Wọ́n ní kí n jáde wá. Òórùn mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Adájọ́ kan fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń rọ̀ lé mi bíi yìnyín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà padà. Àǹtí mi bá mi níbẹ̀. Níwájú gbogbo ayé, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò mí létí, ó sì dì í mú títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ tán.

"O ń rùn," ó ní. Mi ò gbọ́ ọ, mo rí i lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yan ọ̀kan."

Ipò kejì la ṣe. Àwọn mẹ́ta kan tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ló gba ìkíní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Eyín Wúrà ti sọ mí lórúkọ tuntun. Ohùn Ṣáláńgá. Àwọn ọmọ kéékèèké ti ń fi kọrin. Lónìí, ìyá ẹlẹ́yin náà pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì fún mi ní ẹyin kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbà á, inú ń bí mi.

Màámi ní obìnrin òtẹ́ẹ̀lì wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ó ti kó kúbùsù mìíràn wá. Ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn ọmọ Màámi ni. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, àmọ́ ó kó wọn wá.

Lọ́sàn-án, ọ̀kan lára àwọn adájọ́ pè, obìnrin tó ní ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àwa méjèèjì wá gba orin náà, ó sì ní a ò gbọdọ̀ yọ ìró omi yẹn kúrò. Àǹtí mi fò sókè, ó gbá báàfù dànù. Ó ní n kò ní pa dà sínú òórùn mọ́ láéláé, yàrá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi nǹkan bo ògiri rẹ̀ dáadáa.

Ó gbé fóònù fún mi. Mo gbé e jìnnà sí etí díẹ̀, torí inú obìnrin náà dùn débi pé ó ń kígbe.

"Ṣé o ní ìbéèrè kankan, ọmọ mi?"

"Ọ̀kan péré ni, mà," mo ní. "Bí yàrá yẹn ò bá ṣiṣẹ́, ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, báwo ló ṣe nípọn tó?"